Ó Ti Wà Níbẹ̀ Kí Máńgòrò Tó Pọ́n

Ìbéèrè: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ̀wé yìí, máńgòrò ni mo ń tà. Lọ́dún yìí, mo san owó igi méje fún bàbá kan, èmi àti àwọn ọmọ mi la sì fọwọ́ ara wa ká a. Máńgòrò náà tutù yọ̀yọ̀, ara rẹ̀ ń dán, kò sí àbàwọ́n kankan níbẹ̀. Mo fi omi kànga fọ̀ ọ́, mo kó o sí àpótí, mo gbé e fún awakọ̀ lọ sí Èkó. Lọ́jọ́ kẹrin ni oníbàárà mi pè mí, tó ń pariwo. Ó ní àmì dúdú ti bo gbogbo rẹ̀, pé òmíràn tilẹ̀ ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Ó ní mo mọ̀ pé ó ti bàjẹ́ kí n tó fi ránṣẹ́, pé olè ni mí. Ọkọ mi ní awakọ̀ ló gbé e sínú oòrùn. Ní tèmi, ọkàn mi ń lọ sí omi kànga yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jẹ̀bi? Kí ni mo lè ṣe tí kò fi ní ṣẹlẹ̀ mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé rẹ. Orúkọ burúkú tí wọ́n pè ọ́ yẹn dùn mí, nítorí kò sí ohun kan nínú gbogbo àlàyé rẹ tó fi hàn pé o rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Awakọ̀ kò jẹ̀bi. Omi kànga kò jẹ̀bi. Ohun tó ba máńgòrò yẹn jẹ́ ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì tóbi tó ẹyin adìyẹ, ó sì dákẹ́ síbẹ̀ títí èso fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ojú lásán kò lè rí i. Ká ní oníbàárà rẹ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ń ká a, òun náà kò ní rí i.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni. Mọ̀lẹ́bí ni òun àti olú tí à ń wá lóko, àti ohun tó máa ń hù sára búrẹ́dì tó bá ti bu. Colletotrichum ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò àrùn ọ̀gbìn n'Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí èyí tí mo rí tó o nínú gbogbo ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé wá fún wa. Ewùrà tí ewé rẹ̀ dúdú bí èyí tí iná rà, ata tó ń jẹrà lórí igi, ìbẹ́pẹ, píà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ní ojú dúdú: bí a bá ti gé díẹ̀ níbẹ̀ tí a fi sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, òun tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ la máa ń bá.

Bí ọ̀kan nínú máńgòrò náà bá ṣì kù nílẹ̀, má tíì sọ ọ́ nù. Gbé e sínú ike, tẹ́ aṣọ tó rin sábẹ́ rẹ̀, kí o dé e. Tó bá di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, tẹjú mọ́ ojú dúdú yẹn dáadáa. Wàá rí àwọn ẹ̀kán kéékèèké tó ń dán, tí àwọ̀ wọn pupa rẹ́súrẹ́sú bí ìgbà tí epo kán sínú ògì. Fi ṣóńṣó ìgbálẹ̀ kàn án; á fà tẹ̀lé ìgbálẹ̀ bí omi ilá. Sípọ̀ ló wà nínú ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Sípọ̀ yìí ni fọ́ńgọ́ọ̀sì ń lò bí irúgbìn.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́, ọ̀gá mi ní kí n fi sípọ̀ yìí sínú omi, kí n wo bó ṣe ń hù. Mo rò pé bí mo bá ṣe kó o pọ̀ tó ni èyí tó máa hù ṣe máa pọ̀ tó. Mo bù ú sí i títí omi náà fi ki bí ẹ̀kọ mímu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wo inú awò: ẹyọ kan kò hù. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé mo ti pa wọ́n. Ọ̀gá mi kò bínú. Ó mú ẹ̀kán kan péré nínú omi kíki yẹn, ó fi 100 ẹ̀kán omi tó mọ́ là á, ó ní kí n dúró di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ yẹn fi máa lẹ́, wọ́n ti ń yọ ẹnu lọ́tùn-ún lósì, bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi mọ́jú. Mo pe gbogbo ẹni tó wà nínú ọ́fíìsì kí wọ́n wá wò ó.

Inú ohun tó ń yọ̀ bí omi ilá yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Èròjà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní gloeosporone, òun ló ń dá sípọ̀ lẹ́kun kí wọ́n má hù níbi tí wọ́n ti kúnra wọn. Bí wọ́n bá hù síbẹ̀, orí ẹ̀ka tó ti kú tàbí èso tó ti jẹrà ni gbogbo wọn máa ṣègbé sí. Tí òjò bá wá rọ̀, omi á fọ èròjà náà dànù, á ta sípọ̀ kiri láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, láti ewé dé èso. Sípọ̀ tó bá bá ara rẹ̀ lóun nìkan, nínú omi tó mọ́, lórí ohun tó le, ìyẹn ló ti dé ibi tuntun, ìgbà yẹn ló sì ń hù.

Òjò yẹn ti bá máńgòrò rẹ nígbà tó ṣì wà ní òdòdó tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so. Bí omi bá dúró sára èso mọ́jú, tí ooru sì wà ní nǹkan bí 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ti tó o. Á na ọwọ́ tín-ín-rín kan jáde, orí ọwọ́ náà á wú di kókó dúdú tó lẹ̀ mọ́ èèpo pinpin, abẹ́ kókó yìí ni yóò sì gbà gún èèpo wọlé. Lẹ́yìn náà ó dúró. Kò lọ síwájú, kò sì kú.

Kí ló dá a dúró? Èèpo máńgòrò tutù ní ohun ìjà tirẹ̀. Ọmọdé tó bá ti fi eyín bó máńgòrò tí kò pọ́n mọ bí oje rẹ̀ ṣe ń bó ètè. Resorcinol ni wọ́n ń pe irú èròjà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, fọ́ńgọ́ọ̀sì náà kò sì lè fara dà á. Bí èso ṣe ń pọ́n ni èròjà yẹn ń dín kù, tí ṣúgà ń pọ̀ sí i, tí ara èso ń rọ̀. Ẹni tó ti lúgọ láti bí oṣù mélòó kan á wá dìde.

Bó ṣe ń mọ àsìkò gan-an ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Èso tó ń pọ́n máa ń tú gáàsì kan jáde tí à ń pè ní ethylene. Òun náà ló ń jẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n kíákíá tí a bá dì í sínú àpò. Ní 1994, Moshe Flaishman àti Pappachan Kolattukudy, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Ohio ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé Colletotrichum tó ń bá píà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jà mọ gáàsì yìí. Díẹ̀ bíńtín, ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, ti tó láti mú sípọ̀ hù kó sì ṣe kókó dúdú púpọ̀. Wọ́n wá lo tòmátò kan tí wọ́n ti yí ẹ̀dá rẹ̀ padà tí kò fi lè ṣe gáàsì náà. Sípọ̀ kàn jókòó sórí rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gáàsì sí i láti ìta, sípọ̀ náà dìde. Gáàsì kan náà ni máńgòrò ń tú. Ohun tí èso fi ń sọ fún ara rẹ̀ pé àkókò tó láti pọ́n, ọ̀tá rẹ̀ náà ń gbọ́ ọ.

Kì í tiẹ̀ dúró lórí kó máa gbọ́ nìkan. Tó bá ti wọlé tán, ó ń tún ibẹ̀ ṣe bó ṣe wù ú. Àwọn onímọ̀ ní Ísírẹ́lì rí i lára píà pé ó ń tú ammonia jáde, èyí tó ń rùn bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀, láti fi pa kíkan ara èso, nítorí pé àwọn èròjà tó fi ń yọ́ èso kì í ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tó kan. Ìdí nìyẹn tí ojú dúdú bíi orí abẹ́rẹ́ fi lè tóbi tó owó kọ́bọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí o tẹ́tí sí mi nìyí. Níwọ̀n ìgbà tó ti wọlé láti ìgbà òdòdó, ìgbà òdòdó ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bá bàbá onígi sọ̀rọ̀ kí ọdún tó yí ká. Kí wọ́n gé gbogbo ẹ̀ka tó ti kú, kí wọ́n já máńgòrò ọdún tó kọjá tó gbẹ sórí igi, kí wọ́n kó o jìnnà kí wọ́n sun ún, torí ibẹ̀ ni sípọ̀ tí òjò ń ta sílẹ̀ ti ń wá. Kí wọ́n ré inú igi kí atẹ́gùn lè máa gbẹ ewé. Bí owó bá wà, oògùn tó ní kọ́pà nínú ni wọ́n máa ń fín nígbà tí òdòdó bá yọ, kí wọ́n tẹ̀ lé ohun tó wà lára páálí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí o bá ká a, omi gbígbóná lè bá ọ dé èyí tó ti wọlé, torí abẹ́ èèpo lásán ló wà. Omi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 52 sí 55 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, lẹ́yìn náà kí o kó o jáde kó tutù kó sì gbẹ. O nílò ohun tí a fi ń wọn ooru. Má fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, torí tó bá gbóná jù, èèpo á jó, tí kò bá sì gbóná tó, òfo ni. Fi èso mẹ́wàá dán an wò, gbé wọn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí o tó kó ẹrù oníbàárà sí i. Kí o sì máa yọ èyí tó bá ti ń pọ́n kúrò láàárín àwọn tó tutù, nítorí gáàsì tirẹ̀ ló máa jí èyí tó wà lára àwọn yòókù.

Bí ẹnikẹ́ni lára yín bá ń fi kábáàdì mú máńgòrò pọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. NAFDAC ti kìlọ̀ fún wa títí nípa ewu rẹ̀ fún ẹni tó ń jẹ ẹ́. Gáàsì tó sì ń jáde lára kábáàdì ń ṣe bíi gáàsì tí èso ń tú ni, nítorí náà bó ṣe ń mú èso pọ́n ló ń ṣínà fún ohun tó lúgọ sábẹ́ èèpo.

Fún oníbàárà rẹ ní ìwé ìròyìn yìí kó kà á. Bó bá ṣì ní olè ni ọ́ lẹ́yìn ìyẹn, wá oníbàárà mìíràn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo wà ní SS2 ní Adó-Èkìtì. Tíṣà wa ní fọ́ńgọ́ọ̀sì kò lójú, kò létí, kò ní ọpọlọ. Báwo ló ṣe wá ń mọ ibi tó wà?

Ìdáhùn: Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí gan-an. O rí i lókè pé ó ń gbọ́ òórùn gáàsì, ó sì ń tọ́ èròjà tó wà nínú omi wò. Ó tún ní ìfọwọ́kàn, èyí tí mo fẹ́ràn jù láti sọ.

Àrùn kan máa ń mú ẹ̀wà tí à ń pè ní ìpẹtà, torí pé eruku pupa bíi ti irin tó dógùn-ún ló máa ń wà lára ewé. Sípọ̀ rẹ̀ tó bá bọ́ sórí ewé kò lè gún èèpo ewé wọlé bíi ti máńgòrò. Ihò tí ewé fi ń mí ló gbọ́dọ̀ bá wọlé. Fọwọ́ pa ewé ẹ̀wà, wàá rí i pé o kò mọ ihò kankan. Fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí ń rá pálá lọ lórí ewé, títí á fi kan ètè ihò náà, èyí tó fi díẹ̀ ga ju ara ewé lọ. Báwo ni díẹ̀ yẹn ṣe kéré tó? Mú mìlímítà kan lórí rúlà rẹ, pín in sí ọ̀nà 2,000, kí o mú ẹyọ kan.

Ní 1987, Harvey Hoch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell, Amẹ́ríkà, ṣe ike tó ní ebè tín-ín-rín, tí gíga ebè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Wọ́n da sípọ̀ ìpẹtà ẹ̀wà sí i. Níbi tí ebè bá ti ga tó ètè ihò ewé, fọ́ńgọ́ọ̀sì á dúró, á wú, á múra àtiwọlé, bẹ́ẹ̀ ike ni, kò sí ihò kankan níbẹ̀. Níbi tí ebè bá ti kéré ju ìdajì ìyẹn lọ, tàbí tó ga ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, ó sábà máa ń kọjá lọ ni. Ìwọ̀n yẹn gan-an ló mọ̀.

Ti ìrẹsì yàtọ̀. Magnaporthe ni orúkọ èyí tó máa ń jó ewé ìrẹsì. Sípọ̀ rẹ̀ ní àtè lórí, tí ìrì bá ti kàn án, ó ti lẹ̀. Tó bá rí i pé ibẹ̀ le, ó ń yọ̀, kò sì sí oúnjẹ níbẹ̀, á ṣe kókó dúdú, á fa omi sínú rẹ̀, agbára tó ń kó jọ síbẹ̀ sì lè tó 8 megapascal, ìyẹn bí ìlọ́po 40 atẹ́gùn tó wà nínú táyà ọkọ̀. Òun ló fi ń gún ewé. Gbogbo ohun tó wà nínú sípọ̀ ló ń kó lọ sínú kókó náà, sípọ̀ fúnra rẹ̀ á sì kú. Bí ilé ìwé yín bá ní awò, bẹ tíṣà yín kí ẹ wo sípọ̀ ara ewé ẹ̀wà tó ní ìpẹtà. Ẹ̀kán omi kan àti ìdúró òru ọjọ́ kan ti tó.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀, mà. Mo ti fẹ̀yìn tì, Peckham ní London ni mo ń gbé, mo sì ní ilẹ̀ kékeré tí mo ń dáko sí. Nínú oṣù kẹjọ, ewé elégédé mi funfun bí ẹni da pọ́dà sí i. Nínú ìwé ìròyìn tó kọjá, ẹ ní òjò ni fọ́ńgọ́ọ̀sì ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀ níhìn-ín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ló wá dé?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ mú mi, alàgbà, ó yẹ kí n ti ya èyí sọ́tọ̀. Fọ́ńgọ́ọ̀sì funfun yìí kò ṣe bíi ti àwọn yòókù. Omi rẹ̀ wà nínú sípọ̀ rẹ̀, ó gbé e dání bí arìnrìn-àjò tó ru kèrègbè. Orí ewé gbígbẹ ló ti ń hù. Bí omi bá tilẹ̀ dúró sórí ewé, ó ń pa á lára. Ohun tó fẹ́ ni ọ̀sán tó gbẹ, òru tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù díẹ̀, àti ewé tó há mọ́ra tí òjìji bò, bẹ́ẹ̀ ni oṣù kẹjọ yín ṣe rí. Kì í wọnú ewé lọ jìnnà. Orí ewé ló ń gbé, tó ń ti ẹnu bọ èèpo láti fa oúnjẹ, kò sì lè gbé lórí ewé tó ti kú.

Ẹ gé àwọn ewé ìsàlẹ̀ tó ti funfun jù kúrò, kí ẹ jẹ́ kí àlàfo wà láàárín ìdí kan sí èkejì. Ẹ lè lo mílíìkì pẹ̀lú. Wagner Bettiol ní Brazil ló gbé e jáde ní 1999: mílíìkì tútù ìdá kan sínú omi ìdá mẹ́sàn-án, kí ẹ máa fín in lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá rí àmì funfun àkọ́kọ́. Elégédé ló lò fún àyẹ̀wò tirẹ̀ náà.

Ìbéèrè: Ìyá wa, àgbàdo tí mo kó sínú àpò ti bu, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé gbígbó. Ṣé mo lè ṣà á, kí n fọ̀ ọ́, kí n fi ṣe ògì? Ṣakí ni mo wà.

Ìdáhùn: Rárá, bàbá. Ẹ má ṣe é. Bó bá jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì tí à ń pè ní Aspergillus ni, tí mo sì fura pé òun ni, májèlé tí à ń pè ní aflatoxin ló ń tú sínú ọkà. Fífọ̀ kò kó o kúrò, síse kò pa á, ẹ̀dọ̀ èèyàn ló sì ń bá jà. Ní 1960, ó pa tòlótòló tó ju 100,000 lọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oúnjẹ ẹ̀pà tí wọ́n fún wọn ló gbé e wá. Ọ̀dá àti ooru lóko ló máa ń bá a wọ àgbàdo, ọ̀rinrin inú àpò ló sì ń jẹ́ kó gbilẹ̀.

Lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ tó di àpò, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀, kí ẹ mì ín dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, kò tíì gbẹ. Ẹ dá a padà sí oòrùn. Ẹ béèrè Aflasafe pẹ̀lú, èyí tí IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, ṣe. Wọ́n mú àwọn ọmọ ìyá fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí tí kò ní májèlé, wọ́n fi wọ́n bo ọkà bàbà tí wọ́n ti yan kó má bàa hù mọ́. Kílò 10 lẹ máa fọ́n sí hẹ́kítà kan, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó, nígbà tí ilẹ̀ bá rin. Ọ̀rinrin á jí wọn, wọ́n á hù, wọ́n á sì gba àyè kí èyí tó ní májèlé tó dé.

Èyí tó wà nínú àpò yẹn, ẹ má fún adìyẹ jẹ, ẹ má tà á. Ẹ da omi díẹ̀ sí i kí eruku rẹ̀ má fẹ́ sí yín nímú, kí ẹ gbẹ́lẹ̀ jìn, kí ẹ sin ín.